Ìbéèrè Keje Bàbá Tíṣà

Èèrà ni ẹlẹ́rìí àkọ́kọ́ tí Ìnsípẹ́kítọ̀ Adétóun Ọlánípẹ̀kun bá pàdé lórí ọ̀rọ̀ náà. Wọ́n tò láti ojú fèrèsé ṣọ́ọ̀bù Alhaji Akeem ní Sabon Gari, wọ́n gba ara ògiri sọ̀ kalẹ̀, wọ́n fi gbogbo ìgàn aṣọ tó wà níbẹ̀ sílẹ̀, wọn ò yà síbì kankan àfi orí àpòòwé kan tó wà lórí tábìlì.

"Alhaji, ta ló ń da ṣúgà sórí tábìlì yín?"

"Ìyá Ẹ̀bùn, èmi tí dókítà ní kí n má fojú kan ṣúgà? Ìyàwó mi ò jẹ́ kó wọ ilé, ká má tíì sọ ti ṣọ́ọ̀bù."

Adétóun rẹ́rìn-ín. Obìnrin tó fẹ́ràn ẹ̀rín ni, ẹ̀rín yẹn sì ti kó ọ̀pọ̀ ọ̀daràn sí wàhálà láàárín ọdún méjìdínlógún tó ti lò lẹ́nu iṣẹ́ ọlọ́pàá, nítorí ẹni tó bá ń bá a rẹ́rìn-ín kì í mọ ìgbà tí yóò jẹ́wọ́. Ìsinmi ló wà lọ́sẹ̀ náà. Ohun tó pinnu láti ṣe kò ju kó sùn, kó jí, kó jẹ màsà gbígbóná, kó tún sùn lọ. Àmọ́ Alhaji Akeem ni alága Ẹgbẹ́ Ìrẹ̀pọ̀ àwọn Yorùbá tó ń gbé Minna, onígbàgbọ́ àti mùsùlùmí. Bí alága bá ní kéèyàn wá, kéèyàn tètè wọ bàtà ló kù.

"Ẹ sọ ọ́ fún mi látìbẹ̀rẹ̀," ló wí.

Alhaji Akeem tún fìlà rẹ̀ ṣe. "Ẹ mọ ìdíje àwọn ọ̀dọ́ tí a ṣe ní Sátidé?"

Ta ni ò mọ̀ ọ́n? Ọjọ́ kẹrin oṣù Keje ni wọ́n ṣe é ní gbọ̀ngàn ẹgbẹ́. Bàbá Simeon Ajíbóyè, olùkọ́ ìtàn tó ti fẹ̀yìn tì, tí gbogbo ìlú ń pè ní Bàbá Tíṣà, ló dá a sílẹ̀. Orí àwọn ẹni ńlá tí ọjọ́ ikú wọn bọ́ sí déètì kan náà ni gbogbo ìbéèrè mẹ́wàá dá lé. Ọjọ́ wo ni Napoleon kú tí Ààrẹ Yar'Adua náà tún kú ní ọjọ́ náà, lẹ́yìn nǹkan bí igba ọdún ó dín díẹ̀? Ọjọ́ karùn-ún oṣù Karùn-ún. Irú rẹ̀ báyẹn. Àwọn ọ̀dọ́ mẹ́fà ló jókòó níwájú, kálukú pẹ̀lú wàláà kékeré kan. Bí wọ́n bá ti bi ìbéèrè tán, wọn á kọ ìdáhùn, wọn á gbé e sókè lẹ́ẹ̀kan náà.

"Ọ̀rẹ́olúwa gba mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá," Alhaji wí. "Mùstàphá gba mẹ́jọ. A pàtẹ́wọ́ fún ọmọbìnrin náà. Àfi bí a ṣe dá fóònù àwọn ọmọ padà fún wọn, tí Mùstàphá yẹ ìbéèrè keje wò."

"Kí ni ìbéèrè keje?"

"John Adams àti Thomas Jefferson, àwọn ààrẹ Amẹ́ríkà àtijọ́, kú lọ́jọ́ kan náà, ọjọ́ kẹrin oṣù Keje ọdún 1826. Ó pé igba ọdún géérégé ní Sátidé yẹn, Bàbá ní ìdí nìyẹn tí òun fi bi ìbéèrè náà. Ààrẹ kẹta wo ló tún kú ní déètì yẹn, ọdún wo sì ni? Ọ̀rẹ́olúwa kọ James Monroe, 1830. Ohun tó wà nínú ìwé Bàbá gan-an nìyẹn. Mùstàphá kọ 1831, a fagi lé e. Ìyá Ẹ̀bùn, 1831 ni òtítọ́. Ìwé Bàbá ló ṣì."

"Ó wá yé mi," ni Adétóun wí jẹ́jẹ́. "Ẹni tó bá gba òtítọ́, ó lè jẹ́ pé ó kàwé. Ẹni tó bá ṣì í bí ìwé ìdáhùn ṣe ṣì í, ẹ ní ó ti rí ìwé ìdáhùn."

"Kì í ṣe ìyẹn nìkan. Ọjọ́rú, ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú ìdíje, ni a fi gọ́ọ̀mù dí àpòòwé yìí lójú gbogbo ìgbìmọ̀. Mo buwọ́ lù ú lórí ibi tí a ti dí i. Ẹ wo ìbuwọ́lùwé mi."

Ó wò ó. Ìdajì ìbuwọ́lùwé náà wà lókè, ìdajì wà nísàlẹ̀, méjèèjì ò sì ṣe déédéé mọ́. Ẹnì kan ti ṣí i, ó tún ti dí i padà.

"Lọ́wọ́ ta ló wà láti Ọjọ́rú?"

"Nílé Bàbá Tíṣà, ní Shango. Ọmọbìnrin náà sì dé ilé Bàbá ní Ọjọ́bọ̀. Ó ní ìwé kan lòun wá dá padà."

Ẹ gbọ́ mi o: àpòòwé tí wọ́n ṣí, ọmọ tó dé ilé tí àpòòwé wà, àṣìṣe tó bá ti ìwé ìdáhùn mu. Ẹni tí kò bá ronú jinlẹ̀ á ní ẹjọ́ ti parí, kí wọ́n gbé omi wá.

"Aago mẹ́rin òní ni ìgbìmọ̀ yóò jókòó," Alhaji ń bá ọ̀rọ̀ lọ, kò sì lè wo ojú rẹ̀. "Bí kò bá sí ohun tuntun, òfin ẹgbẹ́ ni pé wọn yóò ka orúkọ rẹ̀ lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ lọ́la, wọn yóò sì kà á ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Àìkú, pé ó jalè nínú ìdíje. A ti fi tó wọn létí níbi méjèèjì pé kí wọ́n máa retí orúkọ kan."

"Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, Alhaji. Ẹ fẹ́ pè é lólè lójú gbogbo Minna. Ta ni yóò gbà á síṣẹ́? Ta ni yóò gbà á sílé ọkọ?"

"Haba, ṣé inú mi dùn sí i ni? Òun ló fà á tí mo fi ránṣẹ́ pè yín."

Adétóun fa ìwé inú àpòòwé náà yọ. Ìwé títẹ̀ ni, ìbéèrè mẹ́wàá pẹ̀lú ìdáhùn. Ṣùgbọ́n lórí ìbéèrè keje, wọ́n lẹ ìrépé bébà kan tí wọ́n fọwọ́ kọ.

"Bàbá ní Qasim tó bá wa tẹ̀ ẹ́ ló ṣì í tẹ̀," Alhaji ṣàlàyé. "Ó ní òun ti tún un ṣe kí a tó dí àpòòwé."

Èèrà méjì ń rìn ní etí ìrépé náà. Adétóun fi èékánná họ ibẹ̀, ó rí ohun funfun kan tó gbẹ bí ẹ̀fun. Ó yẹ ibi tí wọ́n ti dí àpòòwé wò. Gọ́ọ̀mù pupa wà nísàlẹ̀, ohun funfun yẹn sì wà lórí rẹ̀. Ó bẹ Alhaji pé kóun mú un dání di aago mẹ́rin, ó sì jáde lọ wá kẹ̀kẹ́.

*

Ní Keteren Gwari, ìyá àgbà kan ń ṣa ẹ̀wà lẹ́nu ọ̀nà. Ìyá tó bí ìyá Ọ̀rẹ́olúwa ni. Ògbómọ̀ṣọ́ ló ti tọ́ ọmọ náà dàgbà, ọdún tó kọjá ni àwọn méjèèjì ṣẹ̀ṣẹ̀ wá bá ìyá ọmọ ní Minna.

"Ìwọ ni ọlọ́pàá?" ìyá àgbà bi í, kò dìde.

"Èmi ni, mà. Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi kí n tó sọ̀rọ̀."

"Mi ò bínú sí ẹ. Ọmọ mi ni mò ń rò. Òní ló pé ọjọ́ mẹ́rin géérégé tí kò fi oúnjẹ kan ẹnu dáadáa, láti ọjọ́ Ajé tí wọ́n ti wá sọ ọ̀rọ̀ burúkú yẹn. Mo tọ́ ọmọ olè rí?"

Ọ̀rẹ́olúwa jáde wá, ó kúnlẹ̀ kí i. Ojú rẹ̀ ti wú. Adétóun jókòó sórí àpótí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bá ìyá àgbà ṣa ẹ̀wà, bí ẹni tó kàn wá kí wọn.

"Ìwé wo lo lọ dá padà fún Bàbá Tíṣà?"

"Ìwé ìtàn aláwọ̀ ewé kan, mà. Bàbá ló yá mi. Inú rẹ̀ ni mo ti kẹ́kọ̀ọ́."

"Nígbà tí o dé ilé Bàbá, ibo lo dúró sí?"

"Ẹnu ilẹ̀kùn, mà. Bàbá gbà á lọ́wọ́ mi, wọ́n ní kí n kí màmá."

"O rí àpòòwé kankan?"

"Mi ò rí i, mà. Wọ́n ní kí n jẹ́wọ́. Kí ni kí n jẹ́wọ́?"

"Dákẹ́, má sunkún. Ta ló sọ fún ọ pé ọdún 1830 ni Monroe kú?"

"Kò sẹ́ni tó sọ fún mi. Ìwé náà sọ pé ọdún márùn-ún lẹ́yìn àwọn méjì àkọ́kọ́ ni. Kò kọ ọdún gan-an síbẹ̀. Èmi ni mo kà á fúnra mi."

Ìyá àgbà dá sí i pẹ̀lú ìgbéraga. "Ó mọ ìṣirò dáadáa. Máàkì A ló gbà nínú ìṣirò nínú ìdánwò àṣejáde. Gbogbo àdúgbò ló mọ̀."

Ọwọ́ Adétóun dúró lórí ẹ̀wà. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wá bà á nínú jẹ́ díẹ̀. Ọmọ tó gba A nínú ìṣirò, ṣé irú rẹ̀ kò mọ ohun tí 1826 àti márùn-ún jẹ́? Ó wo ojú ọmọ náà, kò rí irọ́ níbẹ̀. Àmọ́ ojú kì í ṣe ẹ̀rí, ó sì ti rí àwọn gbájúẹ̀ tí ojú wọn tutù ju èyí lọ. Ó gbọnwọ́, ó dìde.

"Ẹ bá mi fi oúnjẹ sí i lẹ́nu, mà," ó wí fún ìyá àgbà. "Mò ń padà bọ̀."

*

Qasim ní ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé ní ìgbẹ̀yìn Sabon Gari, ìtòsí ibi tí wọ́n ti ń ta táyà. Bó ṣe rí Ìnsípẹ́kítọ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé.

"Sannu, Hajiya. Wallahi, èmi ò fi ìwé han ẹnikẹ́ni."

"Mi ò tíì bi ọ́ ní nǹkan kan."

"Mo mọ̀ pé wọ́n á sọ pé ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ni Mùstàphá."

Adétóun ò mọ ìyẹn tẹ́lẹ̀. Ó gbé e yẹ̀ wò lọ́kàn: bí Qasim bá fẹ́ jalè, Mùstàphá ni ì bá jalè fún. Mùstàphá ló sì kọ òtítọ́ tó yàtọ̀ sí ti ìwé. Kò sẹ́ni tó ń jí ìdáhùn kó wá fi ṣòfò. Ó yọ Qasim kúrò lọ́kàn, ó jókòó sórí àga.

"Ṣí fáìlì ìbéèrè náà fún mi. Ka keje."

Qasim tẹ kọ̀ǹpútà, ó kà á sókè. "Herbert Macaulay àti Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ kú ní déètì kan náà. Déètì wo ni? Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Karùn-ún."

"Níbo ni Amẹ́ríkà wà níbẹ̀?"

"Amẹ́ríkà ò sí níbẹ̀ o. Bí Bàbá Tíṣà ṣe kọ ọ́ fún mi ni mo ṣe tẹ̀ ẹ́. Ìwé tí wọ́n fọwọ́ kọ nìyí." Ó yọ ọ́ jáde nínú dúrọ́ọ̀. Ọ̀rọ̀ náà rí bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, Qasim kò ṣì í tẹ̀.

Adétóun mọ ìtàn díẹ̀. Ọjọ́ kẹsàn-án ni Awólọ́wọ̀ kú, òótọ́ ni. Ọjọ́ keje ni ti Macaulay. Bàbá Tíṣà ló ti ṣì í láti ilé.

Ó ra omi inú ọ̀rá kan lọ́wọ́ ẹni tó ń kọjá, ó ti ìka bọ̀ ọ́, ó fi ra ìrépé bébà orí ìbéèrè keje. Kò pẹ́ tí ó fi rọ̀, ó sì ká a sókè ní sùúrù, bí ẹni tó ń ká ewé lára mọ́ínmọ́ín. Ẹ̀yìn rẹ̀ ní ìwé títẹ̀ lára: *Àdúrà Ìbẹ̀rẹ̀. Orin Ẹgbẹ́. Ọ̀rọ̀ Ìkíni láti ẹnu Alága*.

"Qasim, kí nìyí?"

"Ìwé ètò ọjọ́ náà ni. Èmi ni mo tẹ̀ ẹ́."

"Ọjọ́ wo?"

"Sátidé gan-an. Kò sí iná ní Jímọ̀ látàárọ̀ dalẹ́, jẹnẹrétọ̀ mi sì ti bàjẹ́. Sátidé ni mo tẹ̀ ẹ́, mo gba ilé Bàbá kọjá ní nǹkan bí aago mẹ́jọ, mo fún wọn ní ẹyọ kan, mo kó ìyókù lọ sí gbọ̀ngàn."

"Ìdíje bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́wàá."

"Mẹ́wàá géérégé. Bàbá kì í pẹ́."

Adétóun pe Alhaji Akeem lórí fóònù. "Alhaji, Sátidé, aago mélòó ni àwọn ọmọ dé gbọ̀ngàn?"

"Aago méje àbọ̀. Èmi fúnra mi ni mo gba fóònù lọ́wọ́ wọn, mo sì jókòó tì wọ́n títí Bàbá fi dé. Kò sẹ́ni tó jáde, àfi Mùstàphá tó lọ tọ̀, mo sì tẹ̀ lé e."

Ó kí i pé ó ṣeun. Ọ̀rọ̀ ti ń tò wàyí. Bébà tí a tẹ̀ ní Sátidé kò lè bọ́ sínú àpòòwé tí a dí ní Ọjọ́rú. Nítorí náà, wọn kò tíì bí ìbéèrè Amẹ́ríkà yẹn nígbà tí Ọ̀rẹ́olúwa dé ilé Bàbá ní Ọjọ́bọ̀. Láàárín aago mẹ́jọ sí mẹ́wàá ni wọ́n kọ ọ́, ọmọ náà sì wà lábẹ́ ojú Alhaji. Kò sí bó ṣe lè rí i.

Inú rẹ̀ dùn títí ó fi dé ìdí kẹ̀kẹ́, kí ọ̀rọ̀ kan tó gún un lẹ́gbẹ̀ẹ́. Àwọn ìgbìmọ̀ á bi í pé, bí kò bá rí i, báwo ni òun àti Bàbá ṣe wá jọ ṣì í sí ibì kan náà? Bí kò bá rí ìdáhùn sí ìyẹn, àwọn ènìyàn á máa sọ̀rọ̀ lẹ́yìn ọmọ náà títí yóò fi lọ́mọ tirẹ̀.

*

Bàbá Tíṣà ń mu ògì nígbà tó dé Shango. Eyín rẹ̀ ti dín kù, ògì ló ń mu láàárọ̀, lọ́sàn-án àti ní ìrọ̀lẹ́, pẹ̀lú ṣúgà tó pọ̀ ju bó ti yẹ lọ. Ilé rẹ̀ mọ́, ìwé tò lọ títí kan àjà.

"Wọlé, ọmọ mi. O ò ní mu ògì?"

"Mo ti jẹun, sà. Ẹ ṣé." Ó jókòó, ó bọ́ bàtà ẹsẹ̀ ọ̀tún. "Sà, ẹ jọ̀ọ́, bàtà mi ń ya ẹnu. Ẹ ní gọ́ọ̀mù nílé?"

"Gọ́ọ̀mù ilé yìí ti gbẹ láti bí oṣù kan. Bí nǹkan bébà bá ni, ògì ni mo fi ń lẹ̀ ẹ́, ó sì ń mú dáadáa. Àmọ́ kò ní mú bàtà."

Ẹ ò rí i pé ẹ̀rín obìnrin yìí léwu. Ó rẹ́rìn-ín, bàbá rẹ́rìn-ín, kò sì mọ̀ pé òun ti sọ gbogbo rẹ̀ tán. Adétóun tún bàtà rẹ̀ wọ̀. Àánú bàbá náà ń ṣe é. Bàbá yìí ló kọ́ ìdajì àwọn Yorùbá Minna ní ìtàn. Ohun tí gbogbo wọn sì rántí nípa rẹ̀ ni pé kò ṣe àṣìṣe rí, ó sì máa ń sọ ọ́ fúnra rẹ̀ ní kíláàsì.

"Sà, ó ti tó ọdún mélòó tí ẹ ti wà ní Minna?"

"Ọdún 1974 ni mo sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin níbí yìí." Bàbá gbé ṣíbí sílẹ̀, ó ń fi àtàǹpàkò ka ìka rẹ̀ lábẹ́nu. "Ọdún yìí ló pé mẹ́tàléláàádọ́ta."

Adétóun kà á lọ́kàn. Láti 1974 dé 2026, méjìléláàádọ́ta ni. Ó fẹ́ ṣàtúnṣe, ó dákẹ́. Ohùn ìyá àgbà Keteren Gwari ń dún létí rẹ̀: *òní ló pé ọjọ́ mẹ́rin, láti ọjọ́ Ajé*. Ọjọ́bọ̀ ni òní. Ajé, Ìṣẹ́gun, Ọjọ́rú, Ọjọ́bọ̀. Mẹ́rin lóòótọ́, bí èèyàn bá ka ọjọ́ Ajé mọ́ ọn.

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀, kò mọ ìgbà tó bọ́. Bàbá wò ó pẹ̀lú ìyanu.

"Kò sí nǹkan, sà. Mo rí ohun tí mo ń wá ni." Ó dìde, ó kúnlẹ̀ láti dágbére. Ibẹ̀ ló ti rọ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Sà, ẹ̀yin lẹ kọ́ wa pé àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Aago mẹ́rin ni ìpàdé."

Bàbá Tíṣà gbé ṣíbí, ó tún gbé e sílẹ̀. Ògì rẹ̀ ti ń tutù.

*

Ní aago mẹ́rin, ìgbìmọ̀ jókòó sí gbọ̀ngàn. Ọ̀rẹ́olúwa wà lẹ́bàá ìyá àgbà rẹ̀, orí rẹ̀ wà nílẹ̀. Mùstàphá náà wà níbẹ̀, ara rẹ̀ ò balẹ̀, nítorí kò ronú pé ohun tóun yẹ̀ wò lórí fóònù yóò di ẹjọ́ olè. Bàbá Tíṣà jókòó sí igun, ó fi ọ̀pá sáàárín orúnkún.

Adétóun kò sọ nǹkan kan nípa ògì. Ó pín bébà fún ẹni mẹ́ta: Ọ̀rẹ́olúwa, Mùstàphá, Bàbá Tíṣà.

"Olórin Jàmáíkà kan kú ní ọjọ́ kọkànlá oṣù Karùn-ún ọdún 1981. Azikiwe tiwa náà kú ní déètì yẹn gan-an, lẹ́yìn ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ẹ má wo fóònù. Ẹ kọ ọdún tí Azikiwe kú."

Ọ̀rẹ́olúwa bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìka. Bàbá Tíṣà wò ó fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà òun náà ń ka ìka. Mùstàphá, tí wọ́n bí sí Minna, tí Hausa sì yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu ju Yorùbá lọ, kọ nọ́ńbà méjì sábẹ́ ara wọn, ó rò wọ́n pọ̀.

Alhaji Akeem gba bébà náà, ó kà wọ́n. "Mùstàphá, 1996. Ọ̀rẹ́olúwa, 1995." Ó dúró. "Bàbá Tíṣà, 1995."



"1996 ni òtítọ́," Adétóun wí. "Alhaji, bí wọ́n bá sin òkú lọ́jọ́ Ajé, ọjọ́ wo ni ẹ ń ṣe fídáù ọjọ́ kẹjọ?"

"Ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e."

"Lórí kàlẹ́ńdà, Ajé sí Ajé, ọjọ́ mélòó ni?"

"Méje." Alhaji ti ń rẹ́rìn-ín. "To, mo ti gbọ́ ibi tí ẹ ń lọ."

"Ọjọ́ tí nǹkan ṣẹlẹ̀ ni àwọn baba wa fi ń bẹ̀rẹ̀ kíkà. Bẹ́ẹ̀ ni ọjà ọlọ́rọọrún rí, bẹ́ẹ̀ ni ọjọ́ òkú rí. Nínú ìdánwò, Ọ̀rẹ́olúwa á fi bírò ṣírò, á gba A. Bí ọ̀rọ̀ bá ti di ti òkú, á ka ìka bí ìyá àgbà ṣe kọ́ ọ, á sì ka ọdún àkọ́kọ́ mọ́ ọn. Bàbá náà, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ń kà á bẹ́ẹ̀. Àwọn méjèèjì ka ìwé aláwọ̀ ewé kan náà tí kò kọ ọdún síbẹ̀. Wọn ò rí ìwé ara wọn. Ilé kan ni wọ́n ti kọ́ ìṣirò."

Ìyá àgbà gbé orí sókè. "Ṣé èmi wá ni mo ṣì í kọ́ ọ?"

"Ẹ ò ṣì í, mà. Ti Amẹ́ríkà ni kò mọ tiwa."

Ẹ̀rín ta ní gbọ̀ngàn, Ọ̀rẹ́olúwa náà fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín. Àmọ́ akọ̀wé ìgbìmọ̀ na ọwọ́. "Ta wá ló ṣí àpòòwé?"

Adétóun padà sí àga rẹ̀. Ó jókòó, ó ká ọwọ́ lé itan. Ó mọ ẹni tó ṣe é, àwọn bébà inú báàgì rẹ̀ sì lè sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ó dúró de ẹni náà fúnra rẹ̀.

Ọ̀pá kan lù sí sìmẹ́ǹtì. Bàbá Tíṣà ti dìde.

"Èmi ni. Ní àárọ̀ Sátidé, mo rí i pé mo ti ṣì lórí Macaulay. Mo ṣí i, mo kọ tuntun, mo fi ògì dí i padà. Mo sì purọ́ mọ́ Qasim pé òun ló ṣì í tẹ̀." Ó kọjú sí Ọ̀rẹ́olúwa. "Mo mọ̀ pé ọmọ yìí kò rí i. Láti ọjọ́ Ajé ni mo ti mọ̀. Ó rọrùn fún mi kí ẹ pe ọmọ ọlọ́mọ lólè ju kí ẹ sọ pé Simeon ṣàṣìṣe. Ojú ń tì mí."

Alhaji Akeem gbìyànjú láti tún un ṣe gẹ́gẹ́ bí alága. Ó ní wọ́n á gbé máàkì ìbéèrè keje fún ẹni tó ni í, Mùstàphá á di mẹ́sàn-án, Ọ̀rẹ́olúwa á di mẹ́jọ. Ó bi ọmọbìnrin náà bóyá ó gbà bẹ́ẹ̀.

"Mo gbà, sà," Ọ̀rẹ́olúwa dáhùn. "Òun ló mọ̀ ọ́n." Lẹ́yìn náà ló wá sunkún, ẹkún ẹni tí wọ́n gbé ẹrù kúrò lórí rẹ̀.

"Ọ̀rọ̀ tán," Alhaji wí. "Kò sí pé à ń ka orúkọ kankan mọ́ lọ́la."

"Ó wà," ni Bàbá Tíṣà wí. "Ẹ ti sọ fún mọ́ṣáláṣí, ẹ ti sọ fún ṣọ́ọ̀ṣì pé kí wọ́n máa retí orúkọ kan. Bí ẹ bá dákẹ́, àwọn ènìyàn á fi ti ọmọ yìí dí i. Ẹ ka tèmi."

Wọ́n bẹ̀ ẹ́. Alhaji bẹ̀ ẹ́ títí ó fi bọ́ fìlà. Bàbá béèrè bírò lọ́wọ́ Adétóun, ó kọ ọ́ fúnra rẹ̀, ìlà mẹ́rin péré, ó buwọ́ lù ú.

Wọ́n kà á ní ọjọ́ Jímọ̀. Lọ́jọ́ Àìkú, Bàbá kò jẹ́ kí akọ̀wé ìjọ kà á. Ó rìn lọ síwájú pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀, ó kà á sókè ketekete bó ṣe máa ń kàwé ní kíláàsì, ó pe orúkọ Ọ̀rẹ́olúwa pé ọwọ́ rẹ̀ mọ́, ó tọrọ àforíjì, ó sì dúró síbẹ̀ bí ẹni tí kò mọ ọ̀nà ìjókòó rẹ̀ mọ́. Ọ̀rẹ́olúwa jáde láàárín àwọn akọrin, nínú aṣọ funfun rẹ̀. Adétóun tó wà lẹ́yìn rò pé yóò kúnlẹ̀ kí i, yóò sì padà. Ó kúnlẹ̀ lóòótọ́. Lẹ́yìn náà ló dìde, ó di bàbá mú ní ọwọ́, ó mú un lọ sí bẹ́ǹṣì iwájú, ó sì jókòó tì í níbẹ̀ títí ìsìn fi parí.